Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìtàn Amẹ́ríkà àti ti àgbáyé ní yunifásítì

ỌmọMọ́kọ́lá:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Yunifásítì ìjọba kan ní Texas ti gbà mí wọlé láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì méjì nínú ìtàn Amẹ́ríkà di dandan fún mi, èmi náà sì fẹ́ fi ìtàn àgbáyé kún un. Mo mọ ìtàn Ọ̀yọ́ àti ogun Kírìjì dáadáa, àmọ́ ti Amẹ́ríkà ò yé mi rárá. Ìwé wo ni kí n ti ìsinsìnyí máa kà? Ẹ jọ̀ọ́, owó ìwé ibẹ̀ ń já mi láyà.

ÀjòDùn_Houston:
Kú oríire, àbúrò. Òfin ìpínlẹ̀ Texas ló fi kọ́ọ̀sì yẹn lélẹ̀ fún àwọn yunifásítì ìjọba, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì, ì báà ṣe ẹnjiníà lo ń kọ́. Ọdún 1877 ni wọ́n sábà máa ń fi pín in. Apá kìíní bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ dé òpin Reconstruction, ìyẹn ọdún méjìlá tí wọ́n fi tún ìlú tò lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé tí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà bá ara wọn jà. Apá kejì gba ibẹ̀ wá sí òde òní. Ti àgbáyé, nǹkan bí ọdún 1500 ni ààlà rẹ̀.

Má tíì ra ìwé kankan, dúró kí olùkọ́ fún yín ní ètò kọ́ọ̀sì. Ka The American Yawp lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí 30 ni, àwọn onímọ̀ ìtàn ló pawọ́ pọ̀ kọ ọ́, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. OpenStax, àwọn tó ń tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà ní ti àgbáyé, apá méjì. Gbà á sórí fóònù rẹ.

AwáDìí:
Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n dára, àmọ́ mi ò fẹ́ kí àbúrò wa rò pé ìyẹn ti tó. Ohun tó ń gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti ilé wá ni pé wọ́n mọ ọdún sórí, wọn ò lè gbèjà ọ̀rọ̀.

Mú Ogun Abẹ́lé. Wàá gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ló fà á, pé kì í ṣe ẹrú. Lọ ka ìwé tí South Carolina, ìpínlẹ̀ Gúúsù kan, fúnra rẹ̀ kọ ní December 1860 nígbà tó ń yapa kúrò lára Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá lọ́rùn ni pé wọ́n kọ̀ láti dá ẹrú tó sá padà, pé wọ́n tún ṣòfin tiwọn láti dènà rẹ̀. Ṣé o rí i? Ìpínlẹ̀ tó ń lo ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń bínú sí! Ìpínlẹ̀ Mississippi, tóun náà yapa, ò tiẹ̀ fi bò. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé tiwọn ni wọ́n ti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹrú ni. Gbogbo rẹ̀ wà lórí Avalon Project, ìkànnì ìwé ìgbà àtijọ́ ti Yunifásítì Yale, ojú ewé díẹ̀ ni. Tí o bá kà á tán, wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ David Blight, onímọ̀ ìtàn ní Yale, lórí ogun náà ní Open Yale Courses, ọ̀fẹ́ ni òun náà.

ÌyáOníwèé:
Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un, nítorí ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ìtàn yìí. Láti 1808 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun. Síbẹ̀, ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó àwọn ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún láti Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama. Ọ̀kan nínú wọn ni Oluale Kossola, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló mú un. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ ò sí. Wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó. Kossola wà láyé títí di 1935, ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tó fi kọ ìwé. Barracoon lorúkọ ìwé náà. 2018 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ogun Dàhòmì, òwò ẹrú, òwú Alabama, gbogbo rẹ̀ ló kan ayé ẹnì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ní kí o fúnra rẹ yan àkòrí, ọmọ mi, èyí ni kí o mú.

ỌmọMọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á gbè yín. Màá ti ọ̀dọ̀ Kossola bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n AwáDìí, ẹ dákun, báwo ni wọ́n ṣe ń fẹ́ kí àròkọ rí níbẹ̀?

AwáDìí:
Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni kí o ti sọ ibi tí o dúró sí, kí ẹni tó bá fẹ́ takò ọ́ rí nǹkan dì mú. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀lé e, kí ẹ̀rí láti inú ìwé ìgbà náà wà níbẹ̀, kí o sì kọ ibi tí o ti rí i sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ìlànà Chicago ni àwọn onímọ̀ ìtàn ń lò jù láti fi kọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀. Má da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ láìdárúkọ rẹ̀, wọ́n lè lé ènìyàn nílé ìwé torí ẹ̀. Olùkọ́ á kọ wákàtí tó fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì sínú ètò kọ́ọ̀sì. Mú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ lọ bá a kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Kò ní kà á sí àfojúdi. Ohun tó ń retí ni.

ÀjòDùn_Houston:
Ìwé tí wọ́n bá sì ní dandan ni kí ẹ rà, kọ́kọ́ béèrè ní láíbìrì. Wọ́n sábà máa ń ní ẹ̀dà tí wọ́n ń yá akẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí o ti lọ.