Oṣù márùn-ún ní Yúróòpù láìná owó rẹpẹtẹ, ẹ wá bá wa dá sí i

Ìyá Dàpọ̀, Leeds:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí n kì í sọ nǹkan kan, àmọ́ tòní kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Èmi àti bàbá Dàpọ̀ fẹ́ rìn káàkiri Yúróòpù, àwọn ọmọ ti wọ yunifásítì, mo ti fi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó sílẹ̀ láti oṣù kejì, ibi iṣẹ́ tiẹ̀ náà sì ti fún un ní owó pé kó máa lọ. Oṣù mẹ́rin, oṣù márùn-ún, a ò tíì mú ọjọ́ tá a máa padà, ibi tó bá wù wá la máa sùn. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, a fẹ́ kó má ju £60 lọ lójúmọ́ fún àwa méjèèjì, oúnjẹ, ibùsùn, ọkọ̀, gbogbo ẹ̀. Èmi ní Interrail la máa rà, tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ń wọ tíréènì káàkiri Yúróòpù, òun ní bọ́ọ̀sì, a ti jà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Páásípọ́ọ̀tù British ni tèmi, tiẹ̀ ṣì jẹ́ ti Naijá pẹ̀lú ILR, àṣẹ láti máa gbé UK títí lọ. Kí la máa kọ́kọ́ rà?

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣogbo, Birmingham:
Ìyá Dàpọ̀ ẹ kú ìmúra. Ẹ má tíì ra nǹkan kan rárá. Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, owó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú British lọ́wọ́, 90 ọjọ́ péré lẹ lè lò ní Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó pa ibodè wọn pọ̀, láàárín 180 ọjọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde wọ́n ń ka méjèèjì mọ́ ọn. Àwọn kan rò pé táwọn bá sáré jáde lọ sùn ọjọ́ méjì níta òǹkà á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, irọ́ ni o, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wo 180 ọjọ́ tó wà lẹ́yìn yín. Láti October 2025 tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ EES, ètò tuntun tó ń kọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde sílẹ̀ ní ibodè wọn, ìka àti ojú ni wọ́n ń gbà, kọ̀ǹpútà ló ń ka ọjọ́, ọ̀rọ̀ pé òǹtẹ̀ ò hàn dáadáa ti tán nílẹ̀. Nítorí náà oṣù márùn-ún yẹn ò lè jẹ́ Schengen nìkan.

Ti bàbá tún le díẹ̀. Ó máa gba físà, 90 yúrò lowó ẹ̀ láti oṣù kẹfà 2024, kò sì gbọdọ̀ má ní inṣọ́ránsì ìlera tó tó 30,000 yúrò. Orílẹ̀-èdè tó máa pẹ́ sí jù ni kó kọ̀wé sí, kó má lọ máa wá ẹ́ńbásì tó rọrùn. Tí wọ́n bá lẹ físà yẹn, ibi mẹ́ta ni kó wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: déètì, MULT (pé ó lè wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ), àti iye ọjọ́ tí wọ́n kọ pé ó lè lò. Àbúrò mi kan gba físà olóṣù mẹ́fà, ó pe gbogbo ẹbí, àṣé 30 ọjọ́ ni wọ́n kọ sínú àpótí kékeré yẹn. Ọlọ́run ló ní ká wò ó lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù.

Kó tún wọ inú àkáǹtì UKVI ẹ̀, ti àwọn tó ń rí sí físà UK, kó rí i pé eVisa, ìwé àṣẹ ẹ̀ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti so mọ́ páásípọ́ọ̀tù tó ń gbé lọ gan-an. Káàdì BRP tí wọ́n fi ń fi àṣẹ ìgbé hàn tẹ́lẹ̀ ti kú láti ìparí 2024, tí kò bá so mọ́ ọn, àwọn tó ń wo ìwé nídìí ọkọ̀ òfurufú lè dá a dúró nígbà tó bá ń bọ̀ wálé.

Ìbéèrè kan, ẹ má bínú sí mi: ṣé bàbá fẹ́ ṣe sítísìn láìpẹ́?

Ìyá Dàpọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, àyà mi já. Oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ló fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣogbo:
Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ ti di British, ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa wò, 270 ọjọ́ ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ó pọ̀ jù tó lò níta, kó má sì ju 90 lọ nínú oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn. ILR ẹ̀ ò ní bàjẹ́, ìyẹn di ìgbà téèyàn bá fi ọdún méjì gbáko jókòó síta, àmọ́ fọ́ọ̀mù sítísìn lè padà. Ṣé ó ti rìnrìn àjò kankan láti oṣù kẹta?

Ìyá Dàpọ̀:
Ó lọ sí Ìbàdàn ní April, ìrántí bàbá ẹ̀. Ọjọ́ 21.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣogbo:
Ó ku 69. Ti Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba UK tó ń wo fọ́ọ̀mù sítísìn, sàn díẹ̀, wọn kì í ka ọjọ́ téèyàn jáde àti ọjọ́ tó wọlé, àwọn Schengen ló ń ka méjèèjì. Ṣùgbọ́n kó má gbára lé ìyẹn, kó fi ọjọ́ bíi mẹ́wàá sílẹ̀, baálù lè má gbéra, èèyàn lè ṣàìsàn.

Àdùkẹ́, Berlin:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ jẹ́ n dá sí ìjà Interrail yẹn. Mummy, ẹni tó ń sáré ni Interrail wà fún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ìlú mẹ́wàá lóṣù kan, ó dáa, ọjọ́ kan tẹ́ ẹ bá lò nínú ẹ̀ ẹ lè wọ tíréènì márùn-ún, tíréènì alẹ́ náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Tẹ́ ẹ bá ti lé ní 60 ọdún wọ́n á yọ ìdá mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Faransé, Sípéènì àti Ítálì, àwọn tíréènì wọn tó ń sáré gan-an yẹn, ẹ ṣì máa san owó ìjókòó lọ́tọ̀, ibẹ̀ ló ti ń dun èèyàn.

Ẹni tí kò kánjú bíi tiyín, ẹ wá sí Jámánì kẹ́ ẹ ra Deutschlandticket, 63 yúrò lóṣù láti January 2026, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbé níbí. Gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú, gbogbo tíréènì tó ń dúró díẹ̀díẹ̀, láti Hamburg dé Munich, àní ó dé Salzburg ní Austria. Kò bá ICE, tíréènì Jámánì tó ń sáré, lọ o! Ẹ máa jókòó títí ìdí á fi kú, láti ọ̀dọ̀ mi dé Munich èmi àti ọmọ mi fi odindi ọjọ́ kan rìn ín, a jẹ búrẹ́dì àti ẹyin ní ibùdókọ̀ mẹ́ta, mo tún lè ṣe é lọ́la. Ẹ tẹ́tí o: oṣooṣù ló ń tún ara ẹ̀ rà, ẹ fagi lé e kó tó di ọjọ́ 10 oṣù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó tẹ̀ lé e á lọ.

Ẹ sùn sí Trier ní Jámánì níbí, lẹ́bàá ibodè, kẹ́ ẹ máa ti ibẹ̀ rìn wọ Luxembourg, ọkọ̀ ìjọba ibẹ̀ ọ̀fẹ́ ni láti 2020, bọ́ọ̀sì, tíréènì, gbogbo ẹ̀, fún àlejò àti onílé. Hòtẹ́ẹ̀lì inú Luxembourg fúnra ẹ̀ ló ń yọ èèyàn lójú.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Kent:
Àti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń pariwo Jámánì, £60 lójúmọ́ fún èèyàn méjì níbẹ̀ kẹ̀? Tìpátìpá ni. Albania! Èmi àti ìyàwó mi lo ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kò sí nínú Schengen, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lò níbẹ̀ ò wọ inú 90 yẹn, British wọlé láìsí físà. Ẹni tó mú Naijá tó bá ní físà Schengen MULT tó ṣì wà láàyè, tó sì ti fi wọ Schengen rí, wọ́n ń gbà á wọlé bẹ́ẹ̀ náà. Kí bàbá tún wo ìkànnì ìjọba wọn lọ́sẹ̀ tó máa lọ, kó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kó mú un dání, ọlọ́pàá ibodè kan lè má mọ òfin ara ẹ̀.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Bari ní Ítálì lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ yín ní Durrës. Inú ìlú, furgon ni wọ́n ń wọ̀, ẹ má jẹ́ n tàn yín, danfo ni. Kì í lọ títí á fi kún, awakọ̀ ń pe èrò, ẹ̀yìn ọkọ̀ kún fún àpò ọ̀dùnkún, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín pé òun ti padà sí Kútọ̀. A gba ilé oníyàrá kan pẹ̀lú ilé ìdáná ní Shkodër fún odindi oṣù, nítorí pé ẹni tó bá gba 28 ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ onílé máa ń já owó sílẹ̀ fún un. Ẹ má dé Sarandë ní July tàbí August sha, owó ibẹ̀ nígbà yẹn ti Ítálì ni.

Owó lek ní ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Tí ATM bá bi yín bóyá kó ṣírò ẹ̀ sí pọ́n-ùn fún yín, ẹ sọ pé rárá, lek ni kẹ́ ẹ mú, bẹ́ẹ̀ náà ni ní ibi tí wọ́n ti ń ná yúrò. Síìmù tẹ́ ẹ bá sì rà ní Jámánì á ṣiṣẹ́ káàkiri EU láìsí owó àfikún, tẹ́ ẹ bá dé Albania kẹ́ ẹ pa dátà ẹ̀ kẹ́ ẹ ra tibẹ̀.

Tóyìn, Peckham:
Màmá ẹ má wọ baálù olówó pọ́ọ́kú jáde, ẹ gbọ́ tèmi. Tíkẹ́ẹ̀tì £19 ni mo rà, báàgì mi ò wọ inú irin tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lẹ́nu géètì, wọ́n gba £65. Igo ata díndín tí mo fara balẹ̀ dín fún wákàtí méjì, wọ́n ní omi ni, ó ju 100 ml lọ, wọ́n jù ú sínú ike ìdọ̀tí níṣojú mi. Ẹ̀yin ará Leeds, Hull wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín! Ọkọ̀ ojú omi kan ń ti ibẹ̀ lọ sí Rotterdam lóru, yàrá wà nínú ẹ̀, owó hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ kan ti kúrò nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń wọn ata.

Àmọ́ ẹran àti ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe, ẹ má gbé e wọ EU láti UK. Kílíṣí, pọ̀nmọ́, wàrà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n lè gbà. Gàrí ò ní wàhálà. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé Brussels ẹ lọ sí Matonge, ní Paris Château Rouge, ẹ máa rí iṣu àti ata rodo, owó ẹ̀ ò kéré o, ẹ rà á fún Sunday nìkan. Àwọn ọjọ́ yòókù, Lidl. Tẹ́ ẹ bá gba Poland kọjá, ẹ wá bar mleczny, búkà ni, ọbẹ̀ gbígbóná àti ọ̀dùnkún lówó tí kò gun yín lára.

Ìyá Dàpọ̀:
Ẹ ṣé gan-an o, ẹ ò ní rí ìjà. A jókòó sí i lánàá pẹ̀lú kàlẹ́ńdà. Bàbá Dàpọ̀ máa kọ̀wé sí Jámánì, a máa gba Hull jáde, oṣù kan ní Jámánì pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì Àdùkẹ́, a sáré gba Ítálì kọjá lọ sí Bari, ká wá lo bí ọjọ́ 25 ní Shkodër. Tó bá di nǹkan bí ọjọ́ 58 á wọ baálù láti Tirana padà sí London, èmi á dúró níbẹ̀, mo tún lè lo ọjọ́ tó kù mí ní Schengen. Ó ní ta ló máa máa se ọbẹ̀ fún òun? Mo ní Dàpọ̀ á wá kọ́ ọ. Inú ẹ̀ ò tíì dùn sí mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Tóyìn: ẹja gbígbẹ ńkọ́? Mo ní ẹja Ẹ̀pẹ́ tó dáa gan-an nílẹ̀.

Tóyìn, Peckham:
Ẹja wọlé màmá, títí dé 20 kilo. Ẹ ṣáà fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, àwọn tẹ́ ẹ jọ máa wọ tíréènì láti Hamburg dé Munich ò ṣẹ̀ yín.