Ṣé bí Ọlọ́run ṣe máa dá ẹjọ́ tèmi nìyẹn?

Màmá Tómi: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o, mi ò tíì fojú kan oorun láti Sọ́ńdè. Ẹni tó gbé owó àjọ sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́ ní 2021 ló dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bàrígà níbí tó ń jẹ́rìí pé òun ti di àtúnbí. Aṣọ funfun ló wọ̀, bàtà ẹ̀ ń dán bíi dígí, wọ́n tiẹ̀ ti fi bájì ọ́ṣà kọ́ ọ láyà. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́, ìyàwó pásítọ̀ ń sunkún, èmi ń ka Sáàmù 109 sí i lórí, "kí ọjọ́ rẹ̀ kí ó kúrú". Pásítọ̀ wá ní kí n dárí jì í!

Bàbá Ẹbùn: Ti Olúwa ni ẹ̀san, Róòmù 12:19. Ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ìyá Àlàbá: Ẹ̀yin ọkùnrin kúkú mọ ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n fi ń pa obìnrin lẹ́nu mọ́. Lánlọ́ọ̀dù tó da ẹrù mi sínú òjò ní Ṣómólú, díákónì ni o, fìríìjì mi ò ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní. Ọlọ́run dárí ji Dáfídì, àmọ́ ọmọ tí Bátíṣébà bí fún un kú, idà ò sì kúrò nílé ẹ̀.

Káyọ̀dé: Ṣó ti dá owó padà? Sákéù ní ìlọ́po mẹ́rin lòun máa san.

Bàbá Ẹbùn: Olè orí àgbélébùú ńkọ́? Kọ́bọ̀ kan ò san.

Káyọ̀dé: Bàbá, wọ́n kan ọwọ́ ìyẹn mọ́gi. Eléyìí fi tiẹ̀ méjèèjì gbé igbá ọrẹ kiri.

Màmá Tómi: Ẹ ṣé o, Bọ̀dá Káyọ̀dé. Owó gan-an kọ́ ló dùn mí, bó ṣe wò mí bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí ni.

Káyọ̀dé: Ó san àbí kò san?

Màmá Tómi: Ó mú 180,000 wá ní Dìsẹ́ńbà nínú 400,000. Rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ti dé ọrùn, mo fi san án. Àwọn ọmọ àjọ ti ní àwọn fi fún Ọlọ́run, ṣebí mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n nígbà yẹn.

Ìyá Àlàbá: Ẹ dúró ná. Ọmọ àjọ wo?

Màmá Tómi: Èmi ni alájọ. Òun ló ń bá mi gba owó kiri.

Bàbá Ẹbùn: Haa. Ìránṣẹ́ Mátíù 18 rèé, tí wọ́n fi 10,000 tálẹ́ńtì jì, tó lọ fún ẹni tó jẹ ẹ́ ní 100 dínárì lọ́rùn.

Màmá Tómi: Ìyẹn ò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ tì pa.

Ìyá Àlàbá: Ṣé àwọn ìyá yẹn mọ̀ pé owó ti ń wọlé?

Màmá Tómi: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú gúrúùpù yìí.