Níbo ni olùkọ́ yunifásítì ti lè rí owó ìrànwọ́ láti kọ ìwé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn yóò lò lọ́fẹ̀ẹ́?

Olùkọ́ Ewéko, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tí ẹ wà níbí. Yunifásítì ìjọba kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní ìmọ̀ nípa ewéko. Òkè òkun ni ìwé tí a ń lò ti wá, owó rẹ̀ sì ju agbára ọ̀pọ̀ òbí lọ. Nítorí náà, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kíláàsì máa ń dá owó jọ rà, tí wọn yóò sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, títí àwòrán inú rẹ̀ yóò fi dúdú débi pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ ewé yàtọ̀ sí gbòǹgbò mọ́.

Àwòrán tó dúdú yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ìwé náà sọ pé awẹ́ méjì ni irúgbìn dicot, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ńlá ewéko tó ń yọ òdòdó, máa ń ní. Òótọ́ ni, gbànja bá a mu, nítorí awẹ́ méjì ni gbànja. Ṣùgbọ́n ọmọ Rẹ́mọ tí òbí rẹ̀ ń ta obì ní Ṣàgámù ti ń la obì àbàtà láti kékeré, ó sì mọ̀ pé awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òun yóò bá nínú rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ dìde, ó bi mí bóyá obì àbàtà kì í ṣe dicot ni. Mo ṣàlàyé fún un pé dicot ni, pé ìran kan náà ni òun àti gbànja, àti pé bí iṣan ewé rẹ̀ ṣe ta bí àwọ̀n wà lára ohun tí a fi ń dá a mọ̀. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ojú ìwé kan tí mo lè ní kí ó lọ kà.

Èmi àti olùkọ́ méjì mìíràn fẹ́ kọ ìwé tí yóò fi obì, ewédú, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àṣẹ tí yóò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Láti oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni mo ti ń fi òru kọ ọ́, orí méjì péré ni mo ṣì parí. Ibo ni ẹ rò pé a lè tọ̀ fún owó, kí sì ni kí a béèrè fún? Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ kan níbi iṣẹ́ mi, wọ́n ní ìwé tí a kò tẹ̀, tí a kò sì tà, kò lè wọ inú ohun tí wọn yóò kà fún ìgbéga ẹni.

---

Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé, Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́ wa. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé yunifásítì ìjọba ni tiyín, TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Owó orí ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń yọ lára èrè àwọn ilé-iṣẹ́ nígbà náà ni òfin ọdún 2011 gbé lé e lọ́wọ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba nìkan ni ó sì ń náwó lé lórí. Yàtọ̀ sí ilé kíkọ́, ó ní owó fún ìwádìí tí a ń ṣe nínú ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ní òmíràn fún sísọ ìwé tí olùkọ́ fọwọ́ kọ di ìwé títẹ̀. Ẹ kò lè fúnra yín kọ̀wé sí Àbújá. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ TETFund nínú yunifásítì yín ni ẹ ó gbà lọ.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní ìparí ọdún 2022, èyí tí a ń pè ní CCMAS, fi ìdá 70 nínú 100 ohun tí a ó kọ́ ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo yunifásítì ní Nàìjíríà, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi tirẹ̀ kún un. Ìtumọ̀ èyí ni pé ohun tí ẹ̀yin ń kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun náà ni wọ́n ń kọ́ ní Kánò àti ní Kàlàbá. Bí ẹ bá kọ ìwé tó bá ìdá 70 yẹn mu, tí ẹ sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, owó tí a ná lẹ́ẹ̀kan yóò ti ṣe iṣẹ́ fún gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí èyí wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìbéèrè yín.

Ohun kejì ni pé kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. OpenStax, tó wà ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà, ti ní ìwé Biology ńlá kan tí àṣẹ Creative Commons rẹ̀, ìyẹn àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́ tí ẹni tó ni iṣẹ́ ń fi sórí rẹ̀, gba ẹnikẹ́ni láàyè láti tún un ṣe, bí ó bá ti dárúkọ àwọn tó ni ín. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa fi òru ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì lákọ̀tun nígbà tí àlàyé náà ti wà nílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà gbé owó sílẹ̀ ní 2012 fún ìwé ọ̀fẹ́ lórí ẹ̀kọ́ 40 tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí jù, àwọn tó ń darí iṣẹ́ náà sanwó fún àwọn olùkọ́ láti kọ́kọ́ yẹ àwọn ìwé tó ti wà wò, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn yóò tún ṣe àti ibi tí wọn yóò ti kọ tuntun. Tiwa ni kí ẹ kọ: obì yẹn, àti ewédú yẹn. Owó tí ẹ ó béèrè fún yóò dín kù gan-an.

---

Olùkọ́ kan, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣàgámù sọ, ṣùgbọ́n yunifásítì aládàáni ni èmi wà, TETFund kò sì kan wa. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ná owó náà, nítorí mo ti rí bí ó ṣe ń bàjẹ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àjọ kan fún wa lówó láti ṣe ohun èlò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, kámẹ́rà àti àpéjẹ ìfilọ́lẹ̀ ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. A kò ya kọ́bọ̀ kan sọ́tọ̀ fún olóòtú, a kò ya nǹkan kan sọ́tọ̀ fún ayàwòrán, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò dín iye kíláàsì tí àwa tó ń kọ̀wé ń kọ́ kù. Nígbà tí ọdún kejì fi pé, ojú òpó tí a gbé àwọn ẹ̀kọ́ náà sí ti kú, nítorí kò sí ẹni tó san owó rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo àsìkò ìsinmi kan ṣe lọ báyìí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè fún àsìkò. Bí ẹ bá lè gba owó tí a ó fi san olùkọ́ mìíràn láti di kíláàsì kan mú fún yín ní sáà kan, ẹ ó kọ orí tó pọ̀ ju orí méjì yẹn lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣírò owó olóòtú, ayàwòrán, àti ẹni méjì láti yunifásítì mìíràn tí yóò yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹ fi owó díẹ̀ pamọ́ fún àtúnṣe lẹ́yìn ọdún méjì. Ohun tí ìlànà UNESCO ti oṣù kọkànlá ọdún 2019 lórí ohun èlò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní kí àwọn orílẹ̀-èdè bójú tó náà nìyí, pé kí a wá ọ̀nà tí iṣẹ́ náà kò fi ní kú nígbà tí owó àkọ́kọ́ bá tán. Ní ti ibi tí ẹ ó gbé e sí, ibi ìpamọ́ yunifásítì tí ilé ìkàwé ń tọ́jú sàn ju ojú òpó tí ẹ óò máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún lọ.

Ẹ má sì rò pé owó náà gbọ́dọ̀ pọ̀ púpọ̀. Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ owó ìrànwọ́ tirẹ̀ ní 2011 pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 dọ́là fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ilé ìkàwé wọn sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ní Áfíríkà níbí, Yunifásítì Cape Town ti fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní owó kékeré láti kọ ìwé ọ̀fẹ́ lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní DOT4D, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára àwọn tó bá wọn kọ ọ́. Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ obì àbàtà yẹn, mo rò pé ó yẹ kí ó wà nínú iṣẹ́ yín.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta, Àgó-Ìwòyè

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìwé náà tóbi jù láti gbà sórí fóònù. Dátà wọ́n. Bí orí kọ̀ọ̀kan bá dá wà lọ́tọ̀, a lè gba èyí tí a nílò, kí a sì fi ránṣẹ́ sí ara wa láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì jẹ́ kí ó ṣeé tẹ̀ dáadáa ní dúdú àti funfun, nítorí ọ̀pọ̀ wa ṣì máa gbé e lọ síbi fọ́tòkọ́pì.

---

Àgbà Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́nnẹ́

Ọ̀rọ̀ fọ́tòkọ́pì tí ọmọ yìí sọ kan àṣẹ tí ẹ ó fi sórí ìwé náà. Bí ẹ bá lo àṣẹ Creative Commons tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ náà pa owó, ọkàn ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́nu ọ̀nà kò ní balẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó kàn ní kí a dárúkọ yín ló wù mí jù. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ti fi àṣẹ náà síta, ẹ kò lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ ka àdéhùn ìgbanisíṣẹ́ yín, kí ẹ sì wo ìlànà yunifásítì yín, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ lọ́la pé òun ló ni ín.

Ní ti ìgbìmọ̀ yẹn, ó dùn mí gan-an, nítorí mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Bí ẹ bá mú ìwé àyẹ̀wò wá láti ọwọ́ àgbà olùkọ́ méjì ní ibòmíràn, pẹ̀lú nọ́ńbà ISBN tí a fi ń dá ìwé mọ̀, tí ilé ìkàwé sì gba ìwé náà wọlé, ẹ̀rù yẹn kò ní ìdí mọ́. Kí ẹ gba èsì ìgbìmọ̀ náà ní kíkọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlú tí mo ń gbé yìí ni a bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, owó orí tí àwọn ènìyàn san wà lára ohun tí a fi ṣe é, ọmọ tálákà sì wọlé jókòó. Owó TETFund náà, owó ìlú ni. Bí a bá fi owó ìlú kọ ìwé, tí a wá tà á fún ọmọ ìlú, ẹ̀ẹ̀mejì ni òbí rẹ̀ sanwó. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ó yẹ kí TETFund kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo ìwé tí òun bá sanwó fún gbọ́dọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà bí a bá tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sọ ọ́ nínú ìwé ìbéèrè yín pé ẹ̀yin yóò ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi dandan mú yín.

---

Olùkọ́ Ewéko, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bàbá wa ní Ìkẹ́nnẹ́, mo ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ náà láàárọ̀ yìí, mo sì béèrè ohun tí wọn yóò fẹ́ rí kí wọ́n tó ka irú ìwé yìí sí. Mo ti gba ìwé OpenStax náà, àyẹ̀wò tí mo ṣe sì fi hàn pé nǹkan bí orí mẹ́fà nínú ohun tí a fẹ́ kọ ni a lè tún ṣe láti inú rẹ̀. Olùkọ́ ní Ìlíṣàn, bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí yóò yẹ orí tó dá lórí irúgbìn wò. A ó fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó béèrè nípa obì ti gbà láti bá wa lọ sí ọjà ní Ṣàgámù pẹ̀lú màmá rẹ̀, kí a lè ya àwòrán gbànja àti àbàtà ní lílà, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ní ìmọ́lẹ̀ tí yóò hàn kedere bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun.