Asẹ́ kọ́ ló wà nínú N95

Ẹ kú ìjíròrò lórí orúkọ tí a ó fún filter (ohun tó ń mú ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́) àti respirator (ìbòmú tó ń lẹ̀ mọ́ ojú, bíi N95 tí àwọn oníṣègùn ń lò) ní Yorùbá. Ọ̀gá wa ní ká pe aṣọ inú ìbòmú N95 ní "asẹ́ èémí". Àbúrò wa fèsì pé "ajọ̀" ló yẹ, torí ògì là ń sẹ́, èlùbọ́ là ń jọ̀. (Inú mi dùn pé ẹnì kan ṣì mọ ìyàtọ̀ yẹn.) Àmọ́ ihò ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń gbé síni lọ́kàn: èyí tó tóbi á dúró, èyí tó kéré á kọjá. Òun náà ni wọ́n fi ń jiyàn nígbà kòrónà, pé kòkòrò yẹn kéré ju ojú aṣọ lọ, kí wá ni ìbòmú fẹ́ ṣe?

N95 kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán ọ̀rá tínínrín ni wọ́n dà lé ara wọn wúruwùru, àlàfo àárín wọn sì tóbi ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń mú lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yà fún fọ́nrán, eruku tó tóbi kì í lè bá a yà; á kọlù ú, á lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó kéré gan-an, afẹ́fẹ́ á máa gbá a síhìn-ín sọ́hùn-ún títí á fi fara kan fọ́nrán. Èyí tó wà láàárín ló ń yọ́ kọjá jù. Ìwọ̀n rẹ̀ tí à ń gbọ́ ṣáá ni 0.3 máíkírọ́ọ̀nù (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), ṣùgbọ́n nínú N95 ó máa ń wálẹ̀ sí 0.1 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti fi iná mànàmáná sára fọ́nrán náà nílé iṣẹ́, tó ń fa eruku mọ́ra bí kóòmù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ya irun ṣe ń fa bébà. Iyọ̀ kíkúnná ni wọ́n fi ń dán an wò ní Amẹ́ríkà, lítà afẹ́fẹ́ 85 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì gbọ́dọ̀ mú 95 nínú 100, ó kéré tán.

Asẹ́ la máa ń fọ̀ ká tún un lò. Ẹ fi sípíríìtì fọ N95, iná yẹn á lọ, kò ní mú eruku dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú ò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

"Améruku" lèmi fara mọ́ fún filter: a-mú-eruku. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì kì í ṣe eruku. Òótọ́ ni, àmọ́ inú itọ́ wẹ́ẹ́wẹ́ tó ń fò kiri ló sábà máa ń wà, ìyẹn ni améruku sì ń mú.

Ó ku ọ̀rọ̀ náà "ìbòmú" fúnra rẹ̀. Ti oníṣẹ́ abẹ náà ìbòmú ni, afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Améruku kò lè mú ohun tí kò gba inú rẹ̀ kọjá. Irùngbọ̀n lásán tó láti ba iṣẹ́ N95 jẹ́. Nítorí náà, "ìbòmú alẹ̀mọ́jú" ni àbá mi fún respirator. Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú, tí kò sọ lílẹ̀ mọ́jú yẹn nù, kó gbé e wá.