Ẹ gbà mí o, ìwé yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́

Ẹ kú ilé o. Èmi ò kí ń ka ìtàn tó ń dẹ́rù bani rárá, ṣùgbọ́n The Haunting of Hill House tí Shirley Jackson kọ ní 1959 làwọn tá a jọ ń kàwé ní Bódìjà mú lóṣù yìí, Sátidé la máa jíròrò ẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo ti dé ibi tí Eleanor ti di ọwọ́ Theodora mú nínú òkùnkùn, àṣé Theodora wà lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọwọ́ ta ló wá dì mú? Mo pa ìwé dé, mo lọ gbé e sẹ́yìn ike gààrí ní kíṣìnì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ là ń gbé l'Ókè-Àdó, tí eku bá ti sáré lókè àjà báyìí àyà mi á já, kò sì síná.

Mo kà á lọ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù, kọ́sítọ́mà ò jẹ́ n ráyè. Mo gbé fújì sí i lálẹ́, ìgbà tórin bá dákẹ́ ló tún burú jù. Bẹ́ẹ̀ mo ka Ògbójú Ọdẹ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀rín làwọn iwin inú ẹ̀ ń pa mí, èyí ò tiẹ̀ fi iwin kankan hàn wá, ilẹ̀kùn kàn ń dá ti ara ẹ̀ ni!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á tán, ẹ má sọ bó ṣe parí o, ṣé ó ku ibi tó le ju ti ọwọ́ yẹn lọ níwájú, orí wo ni kí n má ṣe kà lálẹ́?