Ìgò hydrobromic acid 48% wa ti pọ́n. Ṣé mo ṣì lè fi ṣe 0.1 M?

Tẹ́kì Kútọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará láàbù. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lápá Kútọ̀ níbí ni mo ti ń tọ́jú láàbù kẹ́mísírì. Olùkọ́ wa fẹ́ kí àwọn ọmọ SS3 fi asíìdì mẹ́ta wéra: hydrochloric, hydrobromic àti nitric. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe lórí sodium carbonate, ṣùgbọ́n pé silver nitrate á yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní kí n po ìdajì lítà hydrobromic 0.1 M (M ni iye mole tó wà nínú lítà kan, ìyẹn bó ṣe ki tó) sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì.

Ìgò kan tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé ni mo rí. 48% ni wọ́n kọ sí i lára. Asíìdì inú rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. A ò ní fume cupboard (kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín jáde), fèrèsé méjì àti fáànù òkè nìkan la ní. Ọ̀gá kan ní kí n gbé ìyẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n fi potassium bromide àti sulphuric acid ṣe tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mílílítà mélòó ni kí n bù?

Bàbá Láàbù:
Ọmọ mi, fi ti ọ̀gá yẹn sílẹ̀. Sulphuric acid tó ki máa sọ apá kan lára bromide di bromine. Èéfín pupa á gba inú yàrá, sulphur dioxide á tún tẹ̀lé e. Phosphoric acid ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀, níbi tí fume cupboard bá ti ń ṣiṣẹ́. Gáàsì hydrogen bromide tó ń jáde tún máa ń yára wọnú omi ju bó ṣe yẹ lọ. Tí èèyàn ò bá ṣọ́ra, omi á gba inú ọ̀pá fà padà sínú ìgò gbígbóná, ìgò á sì fọ́. Fáànù òkè ò lè gbà ọ́ níbẹ̀.

Ní ti pípọ́n, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ló ń fa bromine jáde nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá kàn rí rúsúrúsú, kò burú fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Tó bá pupa dòò, tí èéfín pupa ń yọ lẹ́nu ìgò bó o ṣe ń ṣí i, dé e padà, kó o sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Olùkọ́ Láfẹ́ńwá:
Ẹ má bínú o, kí ló dé tó fi jẹ́ hydrobromic gan-an? Tó bá jẹ́ nítorí silver nitrate ni, potassium bromide tẹ́ ẹ bu nitric acid díẹ̀ sí á fún yín ní ìyẹ̀fun funfun tó ní àwọ̀ ìpara yẹn láìsí wàhálà. Ti chloride á funfun, á sì yọ́ nínú ammonia tó fúyẹ́. Ti bromide á yarí, àfi tí ammonia náà bá ki. Àwọn ọmọ á rí ìyàtọ̀ yẹn kedere.

Tẹ́kì Kútọ̀:
Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ wa, mà. Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́ sínú lesson note, ọ̀gá sì ti buwọ́ lù ú. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Àyìnlá Oníṣirò:
Ó dáa, ìṣirò rẹ̀ rèé. 48% tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1.49 fún mílílítà kan: lítà kan á ní nǹkan bíi gíráàmù 715 hydrogen bromide nínú. Pín in sí 80.9, ìyẹn gíráàmù mole kan rẹ̀, wàá rí nǹkan bíi 8.8 M. Fún 1 M, mílílítà 28 ni kó o bomi là di 250. Lẹ́yìn náà, mú 50 nínú ìyẹn, bomi là á di 500. Ó parí.

Bàbá Láàbù:
Àyìnlá, ìṣirò rẹ pé, àmọ́ kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi 28 ṣe nínú yàrá tí kò ní fume cupboard? Mílílítà 6 péré ti tó fún ìdajì lítà tí wọ́n ní kó ṣe. Sílíńdà kékeré oní-10 ni kó fi wọ̀n ọ́n. Tí kò bá tiẹ̀ pé géérégé, títíréṣọ̀n (kíkán asíìdì sínú ohun tá a ti mọ iye rẹ̀) ló máa sọ iye tó jẹ́ gan-an fún un. Ìgò tó ti dàgbà báyìí, ta ló lè búra pé 48 ló ṣì jẹ́?

Gbọ́, ọmọ mi. Gbé e jáde sí fàráńdà láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí afẹ́fẹ́ máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá. Wọ awò ààbò àti ìbọ̀wọ́. Kọ́kọ́ bu omi distilled bíi 300 sínú bíkà ńlá, kó o tó rọra da asíìdì sínú omi. Má ṣe da omi sínú asíìdì láéláé. Jẹ́ kó tutù, kó o tó gbé e sínú flask, kó o wá fi omi dé ojú ìlà. Má fi ẹnu fa pípẹ́ẹ̀tì o. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ṣe é láwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ṣadé Ìtòkú:
Ṣé kò lè bu Hypo díẹ̀ sí i kí àwọ̀ yẹn lè lọ? Mo gbọ́ pé hypo máa ń pa bromine.

Olùkọ́ Láfẹ́ńwá:
Háà, rárá o, Ṣadé! Sodium thiosulphate ni hypo tó o gbọ́ yẹn, òun náà ò sì gbọ́dọ̀ wọnú asíìdì. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà fún aṣọ funfun, bílíìsì ni. Tó bá kan hydrobromic, bromine ló máa tú jáde yàà. Tẹ́kì, kìlọ̀ fún ẹni tó ń fọ ilẹ̀ láàbù yín. Tí asíìdì bá dà sílẹ̀, baking soda ni kẹ́ ẹ wọ́n lé e títí tí kò fi ní hó mọ́. Tó bá kan ara, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni, ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán.

Àyìnlá Oníṣirò:
Mo gbà fún Bàbá. Fún títíréṣọ̀n: gíráàmù 1.325 sodium carbonate gbígbẹ nínú mílílítà 250 á fún ọ ní 0.05 M. Bu 25 nínú rẹ̀ sínú flask, kán methyl orange (aró tó ń yí àwọ̀ tí asíìdì bá ti tó) sí i, kí asíìdì wà nínú búrẹ́ẹ̀tì. Tí àwọ̀ methyl orange bá ń ṣá lọ fúnra rẹ̀, bromine inú asíìdì ló ń jẹ ẹ́. Má lo ìgò yẹn mọ́ nìyẹn.

Tẹ́kì Kútọ̀:
Mo ti ṣe é, ẹ ṣeun gan-an. Èéfín pupa kankan ò yọ nígbà tí mo ṣí i. Mo bu 6, mo bomi là á di 500, omi rẹ̀ mọ́ kedere. Búrẹ́ẹ̀tì ka 24.2, àwọ̀ methyl orange ò sì ṣá. Ṣé kí n wá bomi díẹ̀ sí i kó lè di 0.1 gan-an?

Àyìnlá Oníṣirò:
Má fọwọ́ kàn án. Carbonate rẹ jẹ́ 25 lọ́nà 0.05, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni asíìdì tó gbà, ìyẹn 2.5; 2.5 tó o pín sí 24.2 jẹ́ 0.103. Kọ 0.103 M sára ìgò, kọ ọjọ́ tó o ṣe é sí i, kí àwọn ọmọ fi iye yẹn ṣe ìṣirò.

Bàbá Láàbù:
Ìgò dúdú ni kó o rọ ọ́ sí. Kó o sì gbé ìgò 48% yẹn kúrò nítòsí òṣùwọ̀n àti gbogbo ohun onírin, kó o tó rí ìpẹtà.