Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí owó ilé àwọn opó tó ń sùn níta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Nyanya, l'Ábújá níbí, fẹ́ fi sàká, ìyẹn ìtọrẹ ọ̀ranyàn tiwa Mùsùlùmí, gba ilé fún àwọn opó kan tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù látìgbà tí wọ́n ti wó ibi tí wọ́n ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn máa ń tètè ká ẹní kí oníṣọ́ọ̀bù tó dé, á kó ìkòkò sínú àpò Ghana-must-go, á pọn ọmọ, ó dọjà. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Owó ọdún kan gbáko tí onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ti ejẹ́ǹtì, ni apá rẹ̀ ò ká.

Súrà At-Tawbah nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 60, ka irú èèyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Aláìní wà níbẹ̀. Ṣé a lè sanwó fún onílé tààrà, àbí dandan ni kó kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ opó? Àwọn àlùfáà wa ò tíì fẹnu kò. Orúkọ ta ni ká kọ sínú ìwé àdéhùn?

Kìrìsìtẹ́nì kan wà lára àwọn opó náà; sàdákà, ìyẹn ọrẹ àtinúwá, la ó fi ṣe tirẹ̀, a ò ní fi í sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó bá ti ṣe irú èyí rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe tí owó ọdún kejì ò fi lé wọn padà síta? Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.